Bí ẹ ṣe lè kọ́ ọmọ ní inequality, títí dé orí gíráàfù

Ọmọ tó bá ti lè wá x nínú 2x + 3 = 11, inequality (ìṣirò tó ní <, >, ≤ tàbí ≥ dípò =) ò yẹ kó dẹ́rù bà á, iṣẹ́ kan náà ni, àfi ibì kan ṣoṣo. Ibì kan yẹn náà ni mo ti ń rí i tí wọ́n ń ṣubú lọ́dọọdún, tí tíṣà á sì máa pariwo "yí àmì padà!" mọ́ wọn láìsọ ìdí rẹ̀.

Kó tó fọwọ́ kan bíró, ẹ jẹ́ kó ka àmì náà sókè. x < 5: "x ò tó 5." x > 5: "x ju 5 lọ." x ≤ 5: "x ò ju 5 lọ." x ≥ 5: "ó kéré tán, x jẹ́ 5." Ẹ bi í pé ọmọ ọdún mélòó ló lè dìbò ní Nàìjíríà, á ní ọdún 18 sókè, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀: x ≥ 18. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 18 lónìí ńkọ́? Ó lè dìbò, ìdí nìyẹn tí ìlà fi wà lábẹ́ àmì yẹn. Ẹnu ọ̀nì tí wọ́n fi ń kọ́ wọn ní praimárì, pé ọ̀nì fẹ́ jẹ èyí tó pọ̀ jù, mi ò fẹ́ rí i mọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì, torí tó bá di -5 àti -2, 5 ni ọmọ máa rí, ibẹ̀ náà ni yóò ya ẹnu ọ̀nì sí.

Fífi kún un àti yíyọ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ò ní wàhálà, ẹ ṣe é bí ẹ ṣe ń ṣe equation, èyí tó ní =.

Ibi tó le ti dé báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré. Tí ẹ bá fi nọ́ńbà tó ní máínọ́ọ̀sì pín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tàbí ẹ fi sọ ọ́ di púpọ̀, àmì gbọ́dọ̀ yí. Àmọ́ ẹ má fi òfin bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ 2 < 5 sójú bọ́ọ̀dù, kò sẹ́ni tó máa bá yín jiyàn. Ẹ wá fi máínọ́ọ̀sì sí méjèèjì, -2 àti -5, kí ẹ béèrè pé èwo ló pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ á ní -5. Ẹ bi wọ́n pé ẹni tó jẹ gbèsè 5,000 náírà àti ẹni tó jẹ 2,000 náírà, ta ni tiẹ̀ sàn? Lẹ́yìn náà ẹ fa number line (ìlà tí nọ́ńbà ti ń pọ̀ sí i láti òsì lọ sí ọ̀tún) sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, kí ọmọ kan dúró lórí -2, kí èkejì dúró lórí -5, gbogbo kíláàsì á rí i pé ẹni orí -5 ló wà lápá òsì. Torí náà -2 > -5. Àmì ti yí lójú wọn, ẹ ò sì tíì dárúkọ òfin kankan.

Ẹ wá fún wọn ní 3 - 2x < 11. Ẹ yọ 3 kúrò, ó ku -2x < 8. Ẹ fi -2 pín in, àmì yí, ó di x > -4.

Kòtò kejì wà níbẹ̀ o, òun gan-an ló ń gbé àwọn ọmọ tó gbọ́n. Ẹ fún wọn ní 2x < -8, ẹ ó rí i pé àwọn kan á yí àmì torí wọ́n rí máínọ́ọ̀sì. Rárá! Nọ́ńbà tí a fi ń pín là ń wò, kì í ṣe èyí tí a ń pín. 2 la fi pín, 2 ò sì ní máínọ́ọ̀sì, x < -4 ni. Nínú kíláàsì tèmi, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pín láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù pupa yí nọ́ńbà tó fẹ́ fi pín ká. Tí máínọ́ọ̀sì bá wà nínú róbótó yẹn, àmì á yí, tí kò bá sí, kó fi í sílẹ̀. Ẹni tí ò ní pupa lè fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan máa ń gbé -2x inú 3 - 2x < 11 sọdá kí wọ́n má bàa yí àmì rárá: 3 < 11 + 2x, -8 < 2x, -4 < x. Ó dáa, mi ò kọ̀ ọ́, àmọ́ kí wọ́n tún un kọ kí x ṣíwájú, x > -4, torí tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wọ́n á rí < wọ́n á sì fa ọfà sí òsì. Tí x bá ti wà níwájú, ibi tí ẹnu ṣóńṣó àmì kọjú sí ni ọfà ń lọ.

Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú nọ́ńbà méjì, ọ̀kan nínú èsì, ọ̀kan níta. Fi 0 sí i: 3 < 11, òótọ́. Fi -5 sí i: 13 < 11, irọ́. Èsì yẹn dáa nìyẹn. Ẹni tí ò bá yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò ní máàkì fún un.

Lórí number line, < àti > gba róbótó tí inú rẹ̀ ṣófo, ≤ àti ≥ gba èyí tí ẹ kùn dúdú. Róbótó ni kí wọ́n kọ́kọ́ yà, kí ọfà tó tẹ̀ lé e.

Tó bá wá di x àti y, bíi 2x + y ≤ 6, ẹ fi = rọ́pò àmì fúngbà díẹ̀. Tí x bá jẹ́ 0, y jẹ́ 6, tí y bá jẹ́ 0, x jẹ́ 3, ẹ sàmì sí ojú méjèèjì lórí gíráàfù, kí ẹ so wọ́n pọ̀. ≤ àti ≥ ń gba ìlà tó lọ gbọọrọ, < àti > ń gba ìlà gígé-gígé. Pẹ́ńsù ni o, ẹ má lo bíró. Tí owó pépà gíráàfù bá wọ́n, ìwé alápótí tí àwọn ọmọ kékeré fi ń ṣe ìṣirò náà tó, ẹ̀gbẹ́ páálí tó le sì lè ṣe rúlà.

Apá wo ni kí wọ́n kùn? Ẹ fi (0, 0) dán an wò: 0 ≤ 6, òótọ́, apá tí (0, 0) wà ni èsì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn sọ pé ≤ túmọ̀ sí ìsàlẹ̀, x - y ≤ 2 wà, apá òkè ìlà sì ni èsì tiẹ̀, ojú ò lè mọ̀ ọ́n. Tí ìlà bá gba (0, 0) kọjá, bíi y > 2x, ẹ lo (1, 0): 0 > 2, irọ́, ẹ kun apá kejì. Àwọn ìbéèrè kan sì wà tó ní kí ẹ kun apá tí a ò fẹ́, kí apá tí a fẹ́ wà ní funfun, torí náà kí ọmọ ka ìbéèrè dáadáa kó tó kùn ún.

Tí fóònù bá wà, Desmos, áàpù tó ń ya gíráàfù, á ya gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kàn tẹ inequality náà sí i. Àmọ́ kí ọmọ fọwọ́ ya tiẹ̀ tán ná kó tó ṣí i, kó fi wé tinú fóònù, níbi tí wọn ò bá ti dọ́gba, kó padà lọ wo róbótó pupa ẹ̀.