Irun wáyà kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba bọ́ọ̀lù lójú wa: ìrírí mi lórí tẹlifíṣọ̀n inú kárávàn

£220 ni mo ti san, síbẹ̀ nígbà tí a dé ibùdó ọlidé, tẹlifíṣọ̀n inú kárávàn wa (ilé kékeré alágbèéká tí mọ́tò ń fà) kò gbé àwòrán kan ṣoṣo jáde. £145 lowó áńtẹ́nà, £75 lowó iṣẹ́ ẹni tó bá wa dè é mọ́ òrùlé. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, torí mo mọ̀ pé tí àwọn ọmọ bá tún gba ọlidé, ẹlòmíì máa lọ kó irú owó yẹn sílẹ̀.

Oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni. Láti Peckham ní London la ti fi mọ́tò fa kárávàn lọ sí Lake District, agbègbè òkè àti adágún ní àríwá-ìwọ̀-oòrùn England, nǹkan bí 280 máìlì: èmi, Ìyá Ìbejì, Táyé, Kẹ́hìndé, àti Màámi tó wá kí wa láti Ìbàdàn. Ọjọ́ Jimọ̀ la débẹ̀. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni Super Falcons máa bá England pàdé ní Brisbane, nínú Ife Àgbáyé àwọn obìnrin. Ilé wa ti pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Táyé ní ibi tí wọ́n bí òun sí lòun ń ṣe. Kẹ́hìndé ti wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé sùn láti alẹ́ ọjọ́ Jimọ̀. Màámi ní kí ẹnikẹ́ni má bi òun ní ìbéèrè kankan.

Ẹ ó ní ká wò ó lórí fóònù. Àárín òkè méjì ni ibùdó náà wà, data kì í wọlé síbẹ̀. Wáyáfáì ibùdó ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ kùtù nìkan. Tí gbogbo èèyàn bá ti jí, fọ́tò kan ṣoṣo kì í lọ. Tẹlifíṣọ̀n ló kù.

Mi ò ní sọ nípa bí a ṣe ń gbé kárávàn dúró tàbí bí a ṣe ń fa iná sí i. Ẹni tó bá ní kárávàn ti mọ ìyẹn. Mo tan tẹlifíṣọ̀n, mo ní kó wá ìkànnì. Ó wá a fún bí ìṣẹ́jú méje, kò rí nǹkan kan. Mo tún un ṣe. Kò rí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ó ṣiṣẹ́ níwájú ilé wa ní Peckham! Ojú mi ni oníṣẹ́ yẹn ṣe tàn án, gbogbo ìkànnì jáde, mo sì kówó fún un.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìdánwò ti Peckham yẹn kò fi nǹkan kan hàn. Òpó Crystal Palace tó ń fọ́n ìgbì tẹlifíṣọ̀n ká, tó ga ní mítà 219, kò ju bíi máìlì mẹ́ta lọ sí wa. Signal ibẹ̀ le débi pé wáyà tó bàjẹ́ pàápàá máa mú un. Tí wọ́n bá bá yín de áńtẹ́nà ní London, ẹ má gbà pé ó dára títí ẹ fi máa gbé e dé ibi tí òpó ti jìnnà.

Áńtẹ́nà tí mo rà yìí rí roboto bí ìdérí ìkòkò ńlá. Ẹni tó tà á ní kò sídìí láti máa yí i, gbogbo apá ló ti ń gbọ́. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n nǹkan tó bá ń gbọ́ láti gbogbo apá, agbára ẹ̀ níbì kan ṣoṣo kì í pọ̀. Láàárín òkè, ohun tó máa kọjú síbì kan gbọin lèèyàn nílò. Torí ẹ̀ ni mo ṣe wakọ̀ lọ sí Kendal lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tí mo ra áńtẹ́nà kan tó jẹ́ ọ̀pá gígùn, tó ní àwọn igi wẹ́wẹ́ lára bí eegun ẹja, £49, àti òpó tí a máa fi gbé e ró, £22. Ó di £291.

Mo yọ wáyà lẹ́nu áńtẹ́nà roboto yẹn, mo so ó mọ́ tuntun. Mo kọjú ẹ̀ sí gúúsù, níbi tí òpó ńlá Winter Hill wà nítòsí Bolton, torí mo ti kà á pé ibẹ̀ ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ibi ní àríwá-ìwọ̀-oòrùn England. Nǹkan kan ò wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni bàbá òyìnbó tó wà ní kárávàn kejì wá bá mi. Ó ti ń wò mí látàná. Ó ní, “Wo orí kárávàn àwọn tó kù.” Mo gbójú sókè. Gbogbo áńtẹ́nà ibẹ̀ ló kọjú sí òkè kan lódì kejì, gbogbo igi wẹ́wẹ́ ara wọn ló sì dúró ní òòró. Tèmi nìkan ló nà gbalaja ní ìbú, tó kẹ́yìn sí gbogbo wọn.

Bàbá náà ṣàlàyé ẹ̀ fún mi dáadáa, Ọlọ́run á san án fún un. Ìgbì tẹlifíṣọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń lọ tààrà bí ìmọ́lẹ̀, kì í gun òkè kó sì sọ̀ kalẹ̀. Òkè ti dí Winter Hill mọ́ wa. Nítorí àwọn tó ń gbé inú àfonífojì ni wọ́n ṣe ri òpó kékeré mọ́ orí òkè tó sún mọ́ wọn, kó lè gba signal látọ̀dọ̀ òpó ńlá, kó sì tún un fọ́n ká. Kí ti kékeré má baà kọlu ti ńlá, ìbú ni ọ̀pọ̀ òpó ńlá ń gbà fọ́n tiwọn, òòró ni ọ̀pọ̀ kékeré ń gbà. Tí igi áńtẹ́nà ẹ bá sùn, tí ìgbì dúró, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ máa kọjá lọ láìwọlé. Òpó kékeré kì í sì í gbé gbogbo ìkànnì: nínú ìdì ìkànnì mẹ́fà tí òpó ńlá ń fọ́n, mẹ́ta péré ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé. Ṣùgbọ́n BBC, ITV, Channel 4 àti Channel 5 wà nínú mẹ́ta yẹn. Bọ́ọ̀lù wa wà níbẹ̀.

Mo yí igi ẹ̀ sí òòró, mo kọjú ẹ̀ sí òkè tí gbogbo èèyàn kọjú sí. Mo ti ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kó wá ìkànnì.

Kò rí nǹkan kan.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú yẹn ló bá a lọ. Mo gbé òpó gùn sí i, mo gbé e kúrú. Mo gbé e lọ sẹ́yìn kárávàn, mo gbé e wá síwájú. Ìyá Ìbejì jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń kígbe láti ojú fèrèsé: “Bàbá Ìbejì, kò tíì dé o!” Màámi sọ pé báyìí gẹ́lẹ́ ni bàbá mi ṣe máa ń yí ọparun áńtẹ́nà lẹ́yìnkùlé wa ní Ìbàdàn, tí àwa ọmọ máa ń ké “Ó ti dé! Ẹ dúró bẹ́ẹ̀! Ó ti lọ!” Mo rántí dáadáa. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé láyé ìgbà yẹn, tó o bá ti ń sún mọ́ ọn, wàá rí òjìji èèyàn nínú ìrì funfun tó bo ojú tẹlifíṣọ̀n, wàá sì mọ̀ pé ó kù díẹ̀. Láti ọdún 2012 tí Ìlú Ọba ti pa ti àtijọ́ yẹn rẹ́ tí gbogbo ẹ̀ di díjítà, kò sí ìrì mọ́. Tí kò bá tíì tó, dúdú ni. Ẹni tí wáyà ẹ̀ já àti ẹni tí áńtẹ́nà ẹ̀ ṣì ojú ọ̀nà díẹ̀, nǹkan kan náà ni wọ́n ń rí. Ohun tó jẹ́ kí n fi odindi ọjọ́ kan ṣòfò nìyẹn.

Ní ọ̀sán mo pe oníṣẹ́ tó gba £75. Ó ní, “Ibi tẹ́ ẹ lọ yẹn ni kò dáa, kò sí signal níbẹ̀.” Mo dúró síbi tí mo ti ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n kárávàn mẹ́ta lápá ọ̀tún, ọkùnrin yìí ń sọ fún mi pé kò sí signal. Mo sáré padà lọ sí Kendal, bóyá áńtẹ́nà tuntun náà ló bàjẹ́. Wọ́n ti tilẹ̀kùn. Nígbà tí mo padà dé, Kẹ́hìndé bi mí pé, “Dádì, ṣé a ò ní wò ó mọ́ ni?” Mi ò rí èsì fún un.

Aago mọ́kànlá alẹ́, gbogbo wọn ti sùn. Mo kó aṣọ kúrò nínú wọ́dúróòbù níbi tí oníṣẹ́ yẹn gbé búsítà sí, ẹ̀rọ kékeré tó ń fún signal lágbára, mo tan iná fóònù. Búsítà yìí ló ń fi iná bátìrì ránṣẹ́ gba inú wáyà gòkè lọ bá áńtẹ́nà, ó sì ní iná pupa kékeré kan lára. Iná pupa náà kú. Mo yọ wáyà áńtẹ́nà kúrò lẹ́nu ẹ̀: iná pupa tàn. Mo fi í padà: ó kú. Ara mi yá gágá. Mo jáde nínú òtútù, mo lọ yọ áńtẹ́nà kúrò lódì kejì wáyà pátápátá, mo padà wá fi wáyà nìkan sẹ́nu búsítà. Iná pupa kú síbẹ̀. Áńtẹ́nà kò mọwọ́mẹsẹ̀. Inú wáyà gan-an lẹ́jọ́ wà.

Mo yí orí irin kékeré tó wà lẹ́nu wáyà kúrò. Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ohun tó wà nínú ẹ̀. Àárín gbùngbùn ni okùn bàbà kan wà, nǹkan funfun yí i ká, lẹ́yìn náà ni àwọ̀n wáyà tó fẹ́lẹ́ bí irun, kí rọ́bà tó bò ó níta. Tí wọ́n bá ń ṣe orí ẹ̀, ṣe ló yẹ kí wọ́n ká gbogbo irun yẹn padà sẹ́yìn, kí ọ̀kan ṣoṣo má kan bàbà àárín. Oníṣẹ́ yìí fi ọ̀kan sílẹ̀. Ọ̀kan péré, kò nípọn ju irun orí ọmọ ọwọ́ lọ. Ó tẹ̀ síwájú, ó fara ti bàbà. Gbogbo signal òkè yẹn àti gbogbo iná tó yẹ kó gòkè lọ bá áńtẹ́nà, ibi tí irun yẹn kàn ni wọ́n ti ń pàdánù.

Mo gé ìwọ̀n ìka kan kúrò lẹ́nu wáyà. Mo fi ọ̀bẹ bó rọ́bà, mo ká irun padà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi iná wò ó yíká lẹ́ẹ̀mẹta, mo yí orí irin padà síbẹ̀. Mo lọ so áńtẹ́nà padà. Iná pupa tàn, kò sì kú mọ́. Mo ní kí tẹlifíṣọ̀n wá ìkànnì, mo yí ohùn sílẹ̀ pátápátá kí n má baà jí wọn, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ẹ̀. BBC ló kọ́kọ́ wọlé. Nígbà tí ITV wọlé, mo jí Ìyá Ìbejì. Kò bínú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo wa wà lórí ìjókòó kan. Àwòrán mọ́ gaara. Bọ́ọ̀lù Plumptre tiwa lu igi gọ́ọ̀lù, kárávàn mì. Wọ́n fún Lauren James ti England ní káàdì pupa nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀, Táyé bojú. Òdo sí òdo títí dé pẹnárítì. Stanway ti England ló kọ́kọ́ fi tiẹ̀ ṣòfò, Màámi ti dìde dúró. Lẹ́yìn náà ni Oparanozie àti Alozie tiwa náà fi tiwọn ṣòfò. Màámi pe Ajibade ní “ọmọ mi” nígbà tó gbá tiẹ̀ wọlé. Wọ́n fi 4 sí 2 nà wá. Kẹ́hìndé sunkún, Táyé sì dì mọ́ ọn. Mi ò lè gbàgbé àárọ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ irun wáyà kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lọ́wọ́ wa.

Ohun tí mo ń ṣe láti ìgbà náà: tí a bá ti dé ibùdó, mo máa ń wo orí kárávàn àwọn aládùúgbò kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo máa ń bi wọn ní ọ́fíìsì pé òpó wo làwọn èèyàn ń lò, kí n lè fi ọwọ́ tẹ nọ́ńbà ìkànnì ẹ̀ fúnra mi dípò kí tẹlifíṣọ̀n máa wá gbogbo ẹ̀. Orí wáyà tí mo mú dání jẹ́ mẹ́rin. Sátẹ́láìtì? Bàbá òyìnbó yẹn ní díìṣì, ó sì dára, ṣùgbọ́n gúúsù-ìlà-oòrùn ló gbọ́dọ̀ kọjú sí, kò sì ga lójú ọ̀run, nǹkan bí digírì 22 péré níbi tí a wà yẹn. Igi kan tó bá dúró lápá ibẹ̀ ti tó láti dí i. Ẹsẹ̀ ló fi gbé tiẹ̀ kiri kó tó rí àlàfo. Ti láísẹ́ńsì tẹlifíṣọ̀n, èyí tí mo san nílé (£159 lọ́dún náà) ti ká kárávàn tí à ń fà kiri mọ́ ọn, ẹ má san òmíràn.

Mo padà dán áńtẹ́nà roboto yẹn wò pẹ̀lú wáyà tí mo tún ṣe. Ó mú ìkànnì mẹ́ta, gbogbo ẹ̀ ń já lura. Mo ya fọ́tò irun wáyà náà lórí ìka mi, mo fi ránṣẹ́ sí oníṣẹ́. Ó dá £75 padà lọ́jọ́ kẹrin, kò sọ̀rọ̀ kankan. £145 ló kù tí èmi àti ẹni tó tà á ṣì ń fà.