Bí Mo Ṣe Bá Bàbá Rẹ́ Ẹ̀ka Róòsì

Bí òtútù ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀, mo bẹ bàbá tó ń tọ́jú ọgbà róòsì tí gbogbo ìlú ń gbafẹ́ nínú rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn rẹ́ ẹ̀ka. Wọn ò kọ̀. Ìbọ̀wọ́ awọ tó gùn dé ìgúnpá ni wọ́n kọ́kọ́ kó fún mi, torí ẹ̀gún róòsì kì í ṣàánú ẹni. Wọ́n fi sípíríìtì nu àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń gé ẹ̀ka, a sì ń nù ún kí a tó bọ́ sídìí igi mìíràn, kí àrùn má bàa ràn.

Ẹ̀ka tó ti kú la kọ́kọ́ mú kúrò. Ìyẹn ò le. Lẹ́yìn náà la gé àwọn tó ń ha ara wọn láàrin igi, kí atẹ́gùn lè ráyè kọjá; ewé tí kì í tètè gbẹ ni àrùn alámì dúdú ń bá jà. Ìdí nìyẹn tí bàbá kì í fi í bomi sórí ewé, àfi ìdí igi.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ẹ̀ka tó kù. Wàá rí ojú pupa lára wọn, kò ju orí ìṣáná lọ. Èyí tó kọjú síta ni kí o wá, torí ibi tí ojú bá kọ sí ni ẹ̀ka tuntun ń gbà. Mo gé e ní dídagẹ̀rẹ̀, bíi mílímítà 6 sókè ojú náà. Bó bá jìnnà jù, kùkùté tó ṣẹ́ kù á gbẹ. Bó bá sún mọ́ ọn jù, ojú á kú. Kí n tó gé ẹyọ kan, màá ti yí igi po. "Ọmọ mi, igi ò ní sá lọ," ni bàbá ń wí. Àwọn fúnra wọn, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń wò ó!

Ọ̀mùnú tó hù lábẹ́ ibi tí wọ́n ti so róòsì mọ́ gbòǹgbò igi mìíràn, bàbá ò gé e. Wọ́n wa ilẹ̀ débi tó ti yọ, wọ́n fà á tu. Tí wọ́n bá gé e, ṣe ló máa tún hù, á sì máa gba oúnjẹ mọ́ róòsì lẹ́nu.

A kó ewé alárùn lọ sun. Àwọn róòsì tó ń gun ògiri, tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń tanná lọ́dún, bàbá ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn wọ́n. Ara ẹ̀ka ọdún tó kọjá ni òdòdó wọn ń yọ sí. Ó di ìgbà tí wọ́n bá tanná tán.