Bí adójútòfò ṣe san owó ẹsẹ̀ ìyá mi

"Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, kò mọ̀ọ́mọ̀." Ohun tí ìyá mi kọ́kọ́ sọ nìyẹn, níbi tó jókòó sí lẹ́bàá títì ní Challenge, n'Íbàdàn, tí ojúgun rẹ̀ ti kán. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi mọ́tò gbá a ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní òun á san ₦20,000, ká má ṣe pe ọlọ́pàá.

Àánú rẹ̀ ṣe èmi náà. Síbẹ̀, mo ya fọ́tò nọ́ńbà mọ́tò rẹ̀, mo sì gba nọ́ńbà fóònù àwọn ìyá ọlọ́jà méjì tọ́rọ̀ ṣojú wọn.

Nílé ìwòsàn, àfi ká kọ́kọ́ sanwó. Mo rọra sọ fún wọn pé òfin ìlera ọdún 2014 kò gbà kí wọ́n kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó oṣù mẹ́fà. Wọ́n gbé e wọlé.

Mo tẹ *565*11# láti mọ̀ bóyá ìwé adójútòfò (insurance) tí wọ́n ń pè ní third party, ìyẹn ẹni kẹta, tí mọ́tò náà ní kì í ṣe ayédèrú. Ojúlówó ni. Ọ̀pọ̀ wa rò pé torí ọlọ́pàá ojú pópó la ṣe ń ra ìwé yẹn. Rárá o! Ẹni kẹta tí wọ́n ń wí, àwa tá à ń fẹsẹ̀ rìn wà níbẹ̀. Láti 2023, ₦15,000 ni onímọ́tò ara ẹni ń san lọ́dún, òfin ló sì fi dandan mú un. Ìgbà tí mo ṣàlàyé pé iléeṣẹ́ adójútòfò ló máa san owó ìtọ́jú, pé kò ní jáde lápò ọmọ yẹn, ni ìyá mi tó gbà ká béèrè fún un.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kí ìwé tí wọ́n fi jábọ̀ ìjàǹbá náà tó jáde. Mo fi í ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ adójútòfò pẹ̀lú ìwé dókítà àti gbogbo rìsíìtì, títí kan ti ọkọ̀ tá a wọ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò. Agbẹjọ́rò wa tún béèrè ìwé tí ìyá mi ń kọ ọjà tó bá tà sí, torí oṣù mẹ́rin ni kò fi dé ìsọ̀, owó yẹn náà jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Owó tí iléeṣẹ́ náà kọ́kọ́ fi lọ̀ wá kò tó ti iṣẹ́ abẹ nìkan. Wọ́n ní ká fọwọ́ sí i pé ọ̀rọ̀ ti parí. A kọ̀, nítorí ẹni tó bá ti buwọ́ lù ú kò lè padà wá béèrè mọ́, ẹsẹ̀ ò sì tíì jinná. Agbẹjọ́rò kọ lẹ́tà méjì sí wọn.

Oṣù keje lẹ́yìn ìjàǹbá náà ni owó tó yẹ wọlé. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi ní kí n pe ọmọ yẹn, kí n sọ fún un pé òun ti ń rìn.