Ẹ dúró di ẹ̀ẹ̀rùn kí ẹ tó gbẹ́ bohóòlù abúlé

Ẹ̀yin ọmọ Òkun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, òkun o. Bí ẹ bá ń dáwó bohóòlù fún ilé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ lásìkò òjò. Ẹ dúró di oṣù kẹta, tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú dáadáa. Láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, orí àpáta la wà. Inú ilẹ̀ tó bo àpáta àti ibi tí àpáta ti sán nìkan lomi ń sá pamọ́ sí. Lóṣù kẹsàn-án, ihò tí kò jìn náà lè lómi. Agbẹ́hò á gbowó lọ, ká tó délé fún Kérésì, afẹ́fẹ́ lásán lẹ̀rọ ń fà. Èyí tó bá lómi lóṣù kẹta ló ṣeé gbọ́kàn lé. (Ọkọ̀ ńlá àwọn agbẹ́hò kì í sì rì sẹ́rẹ̀ nígbà náà.) Ẹ kọ́kọ́ pe ẹni tó ń fi ẹ̀rọ yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò, kí ẹ sì di owó ìkẹyìn mú títí wọn yóò fi fa omi fún wákàtí mélòó kan láìdúró. Àyẹ̀wò abẹ́ ilẹ̀ yẹn náà máa ń tàsé o, nítorí náà ẹ kọ ẹni tí yóò ru gbèsè ihò gbígbẹ sínú ìwé àdéhùn.