Ohun tó ń jẹ owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ gíráfíìkì

Ó ń dùn mí wọra bí mo bá rí ọmọ tuntun nínú iṣẹ́ yìí tó ń da odidi páálí ìwé ìpolówó nù, torí ohun tí ì bá ti tún ṣe kó tó lọ tẹ̀ ẹ́.

1. Fóńtì (ìrísí lẹ́tà) márùn-ún lójú ìwé kan. Méjì ti tó. Ẹ má ra fóńtì rẹpẹtẹ tí ẹ ò ní lò.

2. Àkọlé tóbi, ọjọ́ tóbi, nọ́ńbà fóònù náà tóbi. Ojú òǹkàwé ò ní mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ bà lé. Ẹ fi ọ̀kan ṣe olórí, kí ìyókù máa tẹ̀ lé e.

3. Lẹ́tà yẹ́lò lórí funfun. Rárá o.

4. Àwọ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Ìmọ́lẹ̀ ni ojú kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwọ̀: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, èyí tí à ń pè ní RGB. Yíǹkì ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò: cyan (búlúù tó fà sí àwọ̀ ewé), magenta (pupa tó fà sí àwọ̀ àlùkò), yẹ́lò àti dúdú, ìyẹn CMYK. Àwọ̀ ewé tó ń tàn yanranyanran lójú fóònù yín, yíǹkì ò lè tàn bẹ́ẹ̀, torí bébà kì í tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìwé ìpolówó 1,000 ni mo tẹ̀ fún oníbàárà mi àkọ́kọ́. Àwọ̀ ewé tí a jọ fọwọ́ sí jáde bí ewé tó ti rọ. Ìyẹn nìkan kọ́. Mo ti gbé nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sétí ìwé gan-an, bẹ́ẹ̀ ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé ìwé máa ń yẹ̀ díẹ̀. Mo mú ẹyọ kan sókè: 8 tó gbẹ̀yìn ti di ìdajì, ó dà bí Ɛ. Oníbàárà náà ò bú mi. Ó kàn bi mí pé, "Báwo ni wọ́n á ṣe wá pè mí?" Àpò ara mi ni mo ti san owó ìtẹ̀wé ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Torí náà, CMYK ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ bó bá jẹ́ ìwé ni ẹ fẹ́ tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ ẹ̀yìn fi mìlímítà 3 kọjá etí ìwé ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. A4 tó jẹ́ 210 sí 297 yóò di 216 sí 303. Kí ọ̀rọ̀ jìnnà sí etí, ó kéré tán mìlímítà 5. Kí wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan ṣoṣo fún yín wò. Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín lórí ẹyọ kan yẹn.

Àwòrán tí ẹ fà látorí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Píksẹ́lì ni àwọn ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán; 300 nínú ìnṣì kan la sábà máa ń fẹ́ fún ìtẹ̀wé. Àwòrán tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 600, ìnṣì méjì péré ló tó fún. Bí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ di ìnṣì mẹ́wàá, 60 ló máa kù nínú ìnṣì kọ̀ọ̀kan, yóò sì rí págunpàgun. Lógò ní tirẹ̀, vector (àwòrán tí a fi ìlà yà, tí kì í ṣe píksẹ́lì) ni kí ẹ fi yà á. Bí ẹ ṣe wù kí ẹ fẹ̀ ẹ́ tó, kò ní bàjẹ́. Ẹ ò nílò ètò olówó gọbọi fún un: Inkscape wà lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí ẹlòmíì ka ọ̀rọ̀ inú iṣẹ́ náà kó tó lọ sílé ìtẹ̀wé. Ojú tiyín ti mọ́ ọn lára jù, yóò fo àṣìṣe kọjá.