Kí Ẹ Tó Háyà Ọkọ̀ Oníwíìṣíà fún Màmá: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàárín Wa ní Amẹ́ríkà

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo háyà ọkọ̀ tó ń gbé oníwíìṣíà láti gbé ìyá mi lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀, ọkọ̀ náà dé lásìkò, awakọ̀ rẹ̀ sì mọ èèyàn kí. Síbẹ̀, Màmá kò débi tí wọ́n ń lọ lọ́jọ́ náà. Ilé wa ní Maryland ní àtẹ̀gùn 4 lẹ́nu ọ̀nà. Awakọ̀ dúró nísàlẹ̀, èmi àti Màmá wà lókè, ó ní ilé iṣẹ́ òun kò gba òun láàyè láti gbé àga tí èèyàn wà nínú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. N kò lè bá a jà. Nígbà tí mo pe ilé iṣẹ́ náà, àdírẹ́ẹ̀sì ni ẹni tó gbé fóònù béèrè, ó béèrè aago, ó gbowó. Kò béèrè bóyá àtẹ̀gùn wà, èmi náà kò sì sọ. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí àyè míì fún Màmá níbi ẹ̀rọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́, ẹsẹ̀ wọn ti wú, èémí wọn sì ti ń kúrú.

Inú mọ́tò kọ́ ni ìrìn àjò aláìsàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Orí ibùsùn ló ti ń bẹ̀rẹ̀, orí ibùsùn náà ló sì ń parí sí. Mọ́tò nìkan ni a máa ń rò, a kì í ro ọ̀nà tó wà ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí ti ń wá.

Ẹ má rò pé gbogbo wọn ló ń wọlé wá gbé èèyàn

Ọ̀nà 3 ni àwọn ilé iṣẹ́ yìí ń gbà ṣiṣẹ́, owó wọn kò sì dọ́gba. Àwọn kan ń dúró sétí títì: ẹ̀yin ni ẹ máa gbé aláìsàn dé ibẹ̀, ẹ̀yin náà ni ẹ máa gbà á létí títì nígbà àbọ̀. Àwọn kan ń wá dé ẹnu ọ̀nà, wọn yóò ti àga náà dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, wọn yóò sì yí padà. Àwọn kẹta ń wọlé. Wọn yóò bá aláìsàn wọ bàtà àti kóòtù, wọn yóò tì í dé ibi tí wọ́n ti ń gba orúkọ, wọn kò sì ní lọ títí nọ́ọ̀sì yóò fi gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ béèrè èyí tí ẹ ń sanwó fún, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Àtẹ̀gùn ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ. Ẹ kà á, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ní àwọn ń gbé èèyàn sọ̀, ẹ béèrè iye èèyàn tí wọ́n máa rán, nítorí ẹnì kan ṣoṣo kò lè gbé àgbàlagbà pẹ̀lú àga rẹ̀ láìséwu.

Àbúrò mi ọkùnrin ra irin onígẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá, èyí tí wọ́n ń pè ní ramp, ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6. Inú wa dùn títí a fi gbé e sí àtẹ̀gùn, tó dà bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ pọ́n Òkè Olúmọ. Ìwọ̀n tí òfin Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ fún ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ni pé, fún gíga ínṣì 1, ramp gbọ́dọ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 1. Bí àtẹ̀gùn kan bá ga ní ínṣì 7, àtẹ̀gùn 4 jẹ́ ínṣì 28, ramp tó yẹ ẹ́ á sì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 28. Òfin náà kò de ilé àdáni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ti àgbàlagbà gun irin kúkúrú rí yóò mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé wa ni a ń gbà, nítorí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, a kò kàn wò ó ni.

Ẹ má sọ pé “wíìṣíà ni” kí ẹ dákẹ́

Wíìṣíà ju ẹyọ kan lọ. Èyí tí a ń fọwọ́ tì yàtọ̀ sí èyí tó ń fi bátìrì rìn, èyí tó ń sùn sẹ́yìn tún yàtọ̀ sí méjèèjì. Ẹ fi téèpù wọn ibi tó fẹ̀ jù lára àga náà, kí ẹ wọn gígùn rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ Màmá lórí ibi ìgbésẹ̀lé, kí ẹ sì wọn gíga láti ilẹ̀ dé orí wọn nígbà tí wọ́n bá jókòó. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kò sẹ́ni tó ń rántí. Mo mọ bàbá kan tó ga, tí orí rẹ̀ kan òkè ilẹ̀kùn ọkọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń gbé e wọlé.

Ìwọ̀n tún ṣe pàtàkì. Ẹ̀rọ agbénisókè tó bá òfin mu nínú ọkọ̀ èrò gbọ́dọ̀ lè gba àga tó fẹ̀ ní ínṣì 30, tó gùn ní ínṣì 48, kí òun àti ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ wọn pọ́n-ùn 600. Ó dún bí ohun tó pọ̀, ṣùgbọ́n àga oníbátìrì nìkan lè wọn pọ́n-ùn 300 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Ẹ má tijú láti sọ ìwọ̀n bàbá tàbí ìyá yín fún wọn lórí fóònù.

Ohun méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ dè

Mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Mo ti rí i tí wọ́n fi bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì gbé bàbá kan lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ti àga wọn sáàárín ìjókòó, wọ́n fa bíréèkì àga náà, ọ̀dọ́kùnrin méjì sì dì í mú lọ́tùn-ún lósì. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ èèyàn kò lè dá àga dúró bí mọ́tò bá forí sọ nǹkan. Bíréèkì wíìṣíà wà fún ìgbà tí àga bá dúró sórí ilẹ̀, kò wà fún inú ọkọ̀ tó ń sáré.

Àga ni wọ́n máa kọ́kọ́ dè. Okùn 4 ló ń dè é mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, 2 níwájú, 2 lẹ́yìn, ara irin tó gbé àga ró gan-an ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́ ọ mọ́. Wọn kò gbọdọ̀ kọ́ ọ mọ́ táyà. Wọn kò gbọdọ̀ kọ́ ọ mọ́ ibi ìgbésẹ̀lé tàbí ibi ìgbápálé tó ṣeé yọ. Àga gbọ́dọ̀ kọjú síwájú ọkọ̀. Bí ẹ bá rí i tó kọjú sí ẹ̀gbẹ́, ẹ ní kí wọ́n yí i.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá de èèyàn tó jókòó, pẹ̀lú bẹ́líìtì tirẹ̀ tó gba ìbàdí àti èjìká. Bẹ́líìtì kékeré tó bá àga wá, tí ń lẹ̀ mọ́ra wọn, kò wà ju pé kí èèyàn má yọ̀ lórí ìjókòó lọ. Kò lè dá èèyàn dúró nínú ìjàǹbá. Ti ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ egungun ìbàdí, kó gba abẹ́ ibi ìgbápálé, kó má wà lórí ikùn. Ìyá mi a máa ró ìró méjì, wọn a tún gbé kóòtù òtútù lé e, bẹ́líìtì á wá jókòó sórí aṣọ. A ti ń ṣí kóòtù náà sílẹ̀ báyìí kí wọ́n tó dì í, a ó sì wá fi bò wọ́n láti òkè.

Wíìṣíà kan wà tí wọ́n ti dán wò nínú ìkọlù tí eré rẹ̀ tó máìlì 30 ní wákàtí kan. Àmì WC19 ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, wọ́n sì ya àwòrán ìkọ́ sí ojú ibi 4 tí okùn máa wọ̀. Àga onítáyà wẹ́wẹ́ tí a máa ń rà nítorí pé ó fúyẹ́ kì í sábà ní i. Bí Màmá bá lè dìde díẹ̀, ohun tó sàn jù ni kí wọ́n jókòó sórí ìjókòó ọkọ̀ gan-an pẹ̀lú bẹ́líìtì rẹ̀, kí wọ́n sì de àga òfìfo mọ́lẹ̀. Ìgbà yòówù kó jẹ́, ẹ wo okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fúnra yín kí ọkọ̀ tó gbéra. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí i.

Ẹ má sanwó kí ẹ tó mọ ohun tí ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí

Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré, wá ọkọ̀ tí yóò máa gbé àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ síbi ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ìyá tó wá pẹ̀lú físà àbẹ̀wò kò sí lábẹ́ rẹ̀, èyí tó sì ní gíríìnì káàdì sábà máa ń dúró fún ọdún 5 ó kéré tán. Original Medicare ní tirẹ̀, ètò ìlera tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń bójú tó fún àwọn àgbàlagbà, kì í sanwó ọkọ̀ oníwíìṣíà. Áńbúláǹsì nìkan ló ń san, ìyẹn sì jẹ́ nígbà tí ọkọ̀ mìíràn bá léwu fún aláìsàn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń fi owó ara wa háyà ọkọ̀.

Síbẹ̀, òfin ADA ti ọdún 1990, tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláìlera, ní kí ìlú tó ní bọ́ọ̀sì ìjọba pèsè ọkọ̀ fún ẹni tí àìlera kò jẹ́ kó lè wọ bọ́ọ̀sì yẹn. Ní agbègbè Washington àti ìhà tiwa ní Maryland, MetroAccess ni wọ́n ń pè é. Owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìlọ́po méjì owó bọ́ọ̀sì lọ, ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn kì í sì í sanwó bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìsàn nílò olùtọ́jú. Àṣìṣe wa ni pé ìgbà tí àpọ́íntímẹ́ǹtì bá ku ọ̀la ni a ń rántí, nígbà tó jẹ́ pé àyẹ̀wò ìwé lè gba ọjọ́ 21. Àlejò pàápàá ní ẹ̀tọ́ sí i: ìyá tó wá kí wa láti Abẹ́òkúta lè lò ó fún ọjọ́ 21 láàárín ọdún kan láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ bí ará ìlú. Ó máa ń gbé èèyàn púpọ̀ pọ̀, ó sì lè yí kiri kó tó dé, nítorí náà mo ṣì ń háyà ọkọ̀ fún ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ pẹ́.

Bí ẹ bá máa háyà, ẹ béèrè owó ìgbéra, owó máìlì kọ̀ọ̀kan, owó ìdúró àti iye ìṣẹ́jú tí wọ́n máa fi dúró kí owó ìdúró náà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè ìwé ìbánigbófò ọkọ̀ èrò. Inṣọ́ránsì mọ́tò ara ẹni kì í sábà bo ẹni tó ń gbé èèyàn fún owó, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń gba owó sórí fóònù rẹ̀ láìsí ìwé kankan fi ń já mi láyà.

Àbọ̀

Ìgbà 3 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ Màmá, wákàtí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà kọ̀ọ̀kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo máa ń sọ fún ọkọ̀ pé kó dé ní ìṣẹ́jú tí ẹ̀rọ bá dá. N kò mọ̀ pé wọ́n máa tẹ ojú abẹ́rẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá, tàbí pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Màmá lè wálẹ̀ kí wọ́n ní kí wọ́n jókòó díẹ̀ sí i. Ọkọ̀ dé, kò rí wa, ó lọ, a sì san owó rẹ̀. Ẹ wá ilé iṣẹ́ tó gbà kí ẹ pe òun nígbà tí aláìsàn bá ṣetán, kí ẹ sì béèrè iye ìṣẹ́jú tó máa fi dé lẹ́yìn ìpè. Bí aláìsàn bá ní àtọ̀gbẹ, kí oúnjẹ díẹ̀ wà nínú báàgì.

Ẹ má ṣe fi ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ pẹ̀lú awakọ̀ nìkan. Ìyá mi ń dáhùn “yẹ́ẹ̀sì” sí gbogbo ìbéèrè, kódà bí ara bá ń ni wọ́n. Bí kò bá sẹ́ni tó lè tẹ̀ lé wọn, ẹ kọ káàdì: orúkọ tó wà nínú ìwé ilé ìwòsàn, kì í ṣe “Ìyá Ṣadé”, ilé àti ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń lọ, nọ́ńbà yín, àti ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe. Apá òsì Màmá ni iṣan tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ wà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fà á, kò gbọdọ̀ di nǹkan mọ́ ọn. Mo rán aṣọ pupa kékeré mọ́ èjìká òsì kóòtù wọn, mo sì ń fi han awakọ̀ tuntun kọ̀ọ̀kan kí ó tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Ìkan tó kù ni èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù. Awakọ̀ ni wọ́n, wọn kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ọkọ̀ wọn kì í sì í ṣe áńbúláǹsì. Bí àyà bá ń dun Màmá, bí ẹnu wọn bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ojú abẹ́rẹ́ bá ń ṣẹ̀jẹ̀ tí kò dá, bí wọn kò bá lè mí dáadáa, ẹ má ṣe dúró de ọkọ̀ tí ẹ ti sanwó fún. Ẹ pe 911 lójú ẹsẹ̀, bí ọkọ̀ náà tilẹ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.