Bí mo ṣe fi kéréètì ẹyin ṣe ọpọ́n ayò fún kíláàsì mi

Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan l'Ékìtì. Àwọn tó ń kàwé láti di tíṣà ni mò ń kọ́. Nínú gbogbo ohun tí mò ń kọ́ wọn, ìṣirò àṣẹ́kù, ìyẹn wíwo ohun tó ṣẹ́ kù bí a bá pín nọ́ńbà, ló máa ń tètè sú wọn. Aago ni ìwé sábà máa ń fi ṣàlàyé rẹ̀: aago mẹ́wàá, fi wákàtí márùn-ún kún un, ó di aago mẹ́ta. Wọ́n á ní ó ti yé àwọn. Kí n wá yí nọ́ńbà padà báyìí, kíláàsì á dákẹ́ lọ gbári.

Ayò sì ni èmi fi ń gbafẹ́. Ní Ajílósùn tí à ń gbé l'Ádó, bí a bá ti jẹ iyán alẹ́ tán, Bàbá tó wà ní ojúlé kejì sí wa á ti gbé ọpọ́n síta, á máa pè mí: "Tíṣà, wá gba ìyà tìrẹ!" Ìdí ọpọ́n yẹn ni mo wà tí mo fi rò ó pé ilé méjìlá tó ń yípo ló wà níwájú mi yìí. Kí ni aago fi sàn jù ú lọ?

Akẹ́kọ̀ọ́ bí ogójì, ọpọ́n 20 ni yóò kárí wọn. Mo béèrè iye tí gbẹ́nàgbẹ́nà kan ń ta ọ̀kan ní Ìkẹ́rẹ́, mo dúpẹ́, mo bá tèmi lọ. N kò bá a jà o. Ìlú tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ti gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ọba wọn, ilẹ̀kùn tí wọ́n gbé lọ pàtẹ ní Wembley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1924, tó sì di ti British Museum títí dòní, èèyàn kì í retí pé kí owó iṣẹ́ igi kéré níbẹ̀.

Ọjọ́ tí ìyàwó mi ra ẹyin wálé ni ojú mi là. Kéréètì ẹyin 30, ìlà márùn-ún ni, ihò mẹ́fà-mẹ́fà. Ìlà méjì, ihò méjìlá: ọpọ́n ayò rèé! Kéréètì kan á mú ọpọ́n méjì, ìlà kan á ṣẹ́ kù. (Àwọn ìlà tó ṣẹ́ kù, Ìyá Dáre ti kó wọn, ó fi gbin tòmátò.) Àwọn ẹlẹ́yin kì í fi kéréètì tó dára tọrẹ, torí òun náà ni wọ́n ń gbé padà lọ fi ra ẹyin. Èyí tó ti ya ni wọ́n fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Òmíràn nínú wọn kò mú ju ọpọ́n kan lọ, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni.

Bíléèdì ni kí ẹ fi gé e, ẹ má lo sísọ́ọ̀sì, ńṣe ni sísọ́ọ̀sì ń tẹ ihò pọ̀. Láàárín ìlà kan sí èkejì, ṣóńṣó kan máa ń yọ sókè. Àárín ṣóńṣó yẹn gan-an ni kí abẹ gbà kọjá, kí ara ihò má baà lu. Mo sè sítáàṣì, mo fi lẹ ìdí rẹ̀ mọ́ páálí líle kó má baà máa tẹ̀. Eku fẹ́ràn sítáàṣì o. Inú àpò ni mo kó gbogbo wọn sí, mo gbé e kọ́ ara òrùlé.

Ọmọ ayò ló kù. Ọpọ́n 20, ọmọ 48 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 960 nìyẹn. Níbo ni mo ti fẹ́ rí ọmọ ayò gidi tó tó bẹ́ẹ̀? Àgbálùmọ̀ ló yọ mí. Àsìkò rẹ̀ ni, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń lá a tọ̀sán-tòru. Mo ní kí wọ́n má da kóró nù mọ́, kí wọ́n kó o wá bá mi. Bí wọ́n ṣe ń kó o dé ni oje ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Iyanrìn ni mo fi ń fọ̀ ọ́, kí n tó sá a sóòrùn. Bó bá gbẹ tán, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, á máa dán, àfi ẹ̀gbẹ́ kan tó funfun tó sì rí ṣákiṣàki. Ó wọ ọwọ́ ju òkúta lọ, kì í sì í ya ihò.

Nígbà tí a débẹ̀ ní kíláàsì, ìjà òfin ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Àwọn kan ní ọmọ mẹ́rin ni wọ́n ń jẹ nílé tiwọn, àwọn kan ní méjì àti mẹ́ta. A fẹnu kò sí méjì àti mẹ́ta. Ọmọkùnrin kan ní obìnrin kì í ta ayò. Ọmọbìnrin tó jókòó tì í jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí n tó dá sí i.

Mo wá ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà sára ilé, láti 0 dé 11. Ọmọ 5 wà nílé 3, níbo ló máa parí sí? Ilé 8. Bí ó bá jẹ́ 10 ńkọ́? 3 àti 10 jẹ́ 13, fi 12 pín in, ó ku 1. Wọ́n ta á, ilé 1 náà ló parí sí. Inú wọn dùn. Mo ní kí wọ́n kó ọmọ 12 sílé 3 yẹn. Gbogbo wọn pariwo pé ilé 3 náà ni yóò padà sí. Mo ní, "Ẹ ta á." Ilé 4 ló bọ́ sí.

Ariwo sọ! Ẹnì kan ní ẹlòmíràn ti jí ọmọ kan. Ọmọbìnrin tó jẹ ayò yẹn ló rí i: "Sà, a kì í fi ọmọ sílé tí a ti kó o." Òótọ́ ni. Bí ilé bá ti di odù, tí ọmọ inú rẹ̀ tó 12, ńṣe là ń fò ó bí a bá ta ọmọ inú rẹ̀ yípo dé ibẹ̀, nítorí náà ilé 11 péré ni ìyípo kan. Ọmọ 12 ń ṣe bí 1, 13 ń ṣe bí 2, 23 sì tún padà di 1. 11 là ń fi pín in, kì í ṣe 12. N kò kọ nǹkan kan sójú pátákó kí wọ́n tó sọ ọ́.

Iṣẹ́ àṣetiléwá tí mo fún wọn ni ti ọjà tí à ń ná lọ́rọọrún: bí a bá ná an lónìí, ṣé a ó ná an ní ọgbọ̀n ọjọ́ sí òní? Àwọn tó fi 5 pín 30 ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tí ìyá wọn ń ná ọjà ní rárá, wọ́n sì gbà á: òní wà nínú márùn-ún tí à ń kà, ọjọ́ 4 ló ń yípo, 30 sì ku 2.

Mo gbìyànjú ọgbọ́n odù yìí lára Bàbá náà. Ó jẹ mí. Mo lè mọ ilé tí ọmọ ìkẹyìn yóò bọ́ sí, ṣùgbọ́n Bàbá ti mọ ohun tí mo fẹ́ ta lẹ́yìn èyí.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe tirẹ̀, kó tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kó kóró jọ kí àgbálùmọ̀ tó lọ. Bí òjò bá ti dé tán, àfi ọdún tó ń bọ̀.